«At Loggerheads»: Ìtumọ̀ Rẹ̀ àti Bí A Ṣe Ń Lò Ó

«At loggerheads» jẹ́ ọ̀kan lára àwọn àkànlò èdè Gẹ̀ẹ́sì tí a máa ń bá pàdé nínú ìwé ìròyìn àti nínú àkọsílẹ̀ ìpàdé. Bí gómìnà àti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kò bá fohùn ṣọ̀kan lórí ètò ìnáwó, tàbí bí ìdílé méjì bá ń du ilẹ̀ kan, èyí ni gbólóhùn tí àwọn akọ̀ròyìn máa ń lò. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé èrò àwọn méjèèjì kò ṣọ̀kan lórí ọ̀rọ̀ kan, olúkúlùkù dúró lórí tirẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó fẹ́ yẹ̀. Kò túmọ̀ sí pé wọ́n na ara wọn.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ohun kékeré. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n ní kí n ṣe ògbufọ̀ ìròyìn kan tí a kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn àgbà ìjọ. Ìròyìn náà sọ pé àwọn bàbá méjì wà «at loggerheads» lórí ibi tí a ó gbẹ́ kànga-dẹ̀rọ sí. Ẹnu mi yá, mo ní, «Wọ́n ń jà.» Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ìròyìn ti kàn káàkiri àdúgbò pé àwọn bàbá méjèèjì fa aṣọ ya mọ́ ara wọn lọ́rùn. Ọmọ ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ ti òkèèrè wá wo ojú ọgbẹ́ bàbá rẹ̀. Èmi ni mo lọ dọ̀bálẹ̀ ní ilé méjèèjì. Ẹyin lọ̀rọ̀, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni ó ń fọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá

Nínú ẹ̀ka èdè Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ kan, «logger» ni ìtì igi wíwúwo tí a ń so mọ́ ẹsẹ̀ ẹṣin kí ó má baà ṣáko lọ. «Head» ni orí. Nítorí náà, «loggerhead» ni ẹni tí orí rẹ̀ dà bí ìtì igi: òmùgọ̀, olórí kunkun. Shakespeare lo ọ̀rọ̀ náà bí èébú nínú eré Love's Labour's Lost, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1598. Lẹ́yìn náà, wọ́n fi orúkọ yìí pe irin olórí rogodo tí a ń fi iná gbóná láti yọ́ ọ̀dà, àti irú ìjàpá òkun kan tí orí rẹ̀ tóbi. Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ni ó di àkànlò èdè fún àwọn tí wọn kò gbọ́ra wọn yé.

Ní àríwá Wales, abúlé kan wà tí ń jẹ́ Loggerheads, tí ó gba orúkọ lára ilé ọtí ibẹ̀. Àwòrán ara pátákó ilé ọtí náà jẹ́ orí ọkùnrin méjì, ṣùgbọ́n mẹ́ta ni orúkọ rẹ̀ pè wọ́n. Ẹni tí ó dúró tí ó ń wò ó ni ẹ̀kẹta wọn.

Bí a ṣe ń lò ó

Èkíní, lẹ́tà «s» kò gbọdọ̀ kúrò ní ìparí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń kọ «at loggerhead», bóyá nítorí pé ọ̀rọ̀ orúkọ Yorùbá kì í yí padà bí nǹkan bá pọ̀. Àṣìṣe ni.

Èkejì, «with» ni a fi ń tọ́ka sí ẹni tí a jọ ń fà á, «over» sì ni a fi ń tọ́ka sí ohun tí a ń fà.

Ẹ̀kẹta, ènìyàn tàbí ẹgbẹ́ ni a ń lò ó fún. Bí ọjọ́ ìgbéyàwó àti ọjọ́ ìkórè bá bọ́ sí ọjọ́ kan náà, «clash» ni ọ̀rọ̀ tí ó yẹ.

Yorùbá tí ó bá a mu

«Forí gbárí» ni ó súnmọ́ ọn jù, nítorí orí wà nínú àwọn méjèèjì. «Gbọ́nmi-si-omi-ò-to» dára bí ọ̀rọ̀ náà bá ti pẹ́ nílẹ̀. «Fàá-ká-já-a» dára bí olúkúlùkù bá ń fà á sọ́dọ̀ ara rẹ̀. «Èdè-àìyédè» kò tó, nítorí àwọn tí wọ́n wà «at loggerheads» sábà máa ń gbọ́ èdè ara wọn yékéyéké. Gbígbà ni wọn kò gbà. Ní ti «ìjà», ẹ jẹ́ kí a fi í sílẹ̀ títí ọwọ́ yóò fi kan ara.

Àpẹẹrẹ kan wà tí gbogbo wa mọ̀: Pọ́ọ̀lù àti Bánábà lórí ọ̀rọ̀ Jòhánù Máàkù, nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 15:36-41. Ọ̀kan ní kí ó bá wọn lọ, èkejì kọ̀, olúkúlùkù sì gba ọ̀nà tirẹ̀. Wọn kò lu ara wọn. Nínú 2 Tímótì 4:11, Pọ́ọ̀lù kan náà ni ó ní kí a mú Máàkù wá, nítorí ó wúlò fún òun. Ipò tí a ń pè ní «at loggerheads» lè kọjá lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin akọ̀wé àti ògbufọ̀, kí ẹ tó lo gbólóhùn yìí tàbí kí ẹ tó túmọ̀ rẹ̀, ẹ béèrè nǹkan méjì: kí ni wọ́n ń fà, ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni sì fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni? Ẹ kọ èyí tí ẹ rí, kí ẹ má fi kún un. Ẹni tí ó bá sọ ọ̀rọ̀ àwọn méjì di ńlá ti fi orí tirẹ̀ ṣe ẹ̀kẹta.