Bí Ìwádìí Àrùn Huntington Ṣe Di Iṣẹ́ Àjọṣe

Ọmọdékùnrin kan tẹ̀ lé baba rẹ̀ tó jẹ́ dókítà lọ bẹ aláìsàn wò ní East Hampton, ní erékùṣù Long Island ní Amẹ́ríkà. Lójú ọ̀nà inú igbó, wọ́n pàdé ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ obìnrin. Àwọn méjèèjì ga, wọ́n gbẹ, ara wọn ń lọ́, ojú wọn ń fà, wọn kò sì lè dá a dúró. George Huntington kò gbàgbé ohun tó rí. Ní oṣù Kejì ọdún 1872, nígbà tó di dókítà lẹ́ni ọdún 21, ó ka ìwé ìwádìí kan níwájú àwọn dókítà ní Middleport, ní Ohio, ó sì ṣàlàyé àrùn náà: ọ̀dọ̀ òbí ni ọmọ ti ń jogún rẹ̀, ẹni tó ti dàgbà ló sábà máa ń mú, ọmọ tí kò bá sì jogún rẹ̀, àwọn ọmọ tiẹ̀ bọ́. Ohun tí baba rẹ̀ àti baba-ńlá rẹ̀, tí àwọn náà ṣe dókítà níbẹ̀, ti kọ sílẹ̀ ló là á lóye.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà kí àwọn ìdílé tọ́rọ̀ kàn tó dìde fúnra wọn. Ní 1967, àrùn yìí pa Woody Guthrie, olórin tí òkìkí rẹ̀ kàn. Marjorie, ìyàwó rẹ̀ àtijọ́ tó jẹ́ oníjó, dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ́dún náà láti gbógun tì í. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn dókítà sọ fún Leonore Wexler pé òun náà ní in. Ọkọ rẹ̀ àtijọ́, Milton, bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì jọ, ọmọ wọn Nancy sì fi gbogbo ayé rẹ̀ sínú iṣẹ́ náà.

Etí adágún Maracaibo, ní Venezuela, ni ọ̀nà ti là. Ní àwọn ọdún 1950, dókítà ọmọ ilẹ̀ náà, Américo Negrette, rí àwọn tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ ní àdúgbò San Luis, ó sì rò pé ọtí ló ń pa wọ́n. Àwọn aládùúgbò ló sọ fún un pé àìsàn ni. Láti 1981, àwọn oníwàádìí láti Amẹ́ríkà àti Venezuela bẹ̀rẹ̀ sí í lọ síbẹ̀ lọ́dọọdún, Nancy Wexler ló ń ṣáájú wọn. Wọ́n dé San Luis, Barranquitas àti Laguneta, níbi tí àwọn ilé wà lórí òpó nínú omi bíi ti Ganvié ní ilẹ̀ Benin.

Ta ni yóò fún àlejò ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀? Nancy ṣàlàyé pé ìyá òun náà ní àrùn yìí, ṣùgbọ́n wọn kò gbà á gbọ́. Ni nọ́ọ̀sì kan nínú ikọ̀ náà bá di apá Nancy mú, ó ń fi àpá kékeré tó wà níbi tí wọ́n ti gé awọ rẹ̀ fún àyẹ̀wò han gbogbo èèyàn: òun náà ní àmì! Ìgbà yẹn ni ara wọn tó balẹ̀. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, èèyàn tó lé ní 4,000 ló fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, ìwé ìtàn ìran wọn sì gba orúkọ tó lé ní 18,000.

Bàálù gbé ẹ̀jẹ̀ náà lọ sí Boston, sọ́dọ̀ oníwàádìí James Gusella. Ní 1983 ni wọ́n mọ̀ pé orí krómósómù kẹrin ni jíìnì tó ń fa àrùn náà wà. Ọdún mẹ́wàá gbáko ni wọ́n tún fi wá a kí ọwọ́ tó bà á. Ní oṣù Kẹta ọdún 1993 tí ìwé ìwádìí náà jáde, onímọ̀ 58 ló ni í, orúkọ ẹgbẹ́ ni wọ́n sì fi síwájú. Nínú iṣẹ́ tí kálukú ti ń du ipò kìn-ín-ní, ohun ìwúrí gbáà ni. Wọ́n rí i pé lẹ́tà mẹ́ta, CAG, ló ń tún ara rẹ̀ kọ léraléra nínú jíìnì náà. Bí ó bá tó 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àrùn náà yóò dé bí ẹ̀mí bá gùn.

Ọdún 1993 yìí kan náà ni ẹgbẹ́ oníwàádìí Huntington Study Group bẹ̀rẹ̀, lábẹ́ Ira Shoulson ní Yunifásítì Rochester, ní New York. Kò sí ilé ìwòsàn tó lè dá rí aláìsàn tí yóò tó fi dán oògùn wò, nítorí àrùn náà kò wọ́pọ̀. Nítorí náà wọ́n pawọ́ pọ̀, wọ́n sì kọ́kọ́ ṣe òṣùwọ̀n kan tí gbogbo wọn yóò máa lò, èyí tó jáde ní 1996. Dókítà yóò ní kí aláìsàn yọ ahọ́n síta fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, kí ó fi ìka lu ìka, kí ó fi gìgísẹ̀ kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ rìn ní ìṣísẹ̀ mẹ́wàá. Ẹni tó bá gba máàkì kan ní Rochester, ohun kan náà ni máàkì yẹn yóò túmọ̀ sí ní ibòmíràn.

Ọ̀pọ̀ ìgbà ni oògùn já wọn kulẹ̀. Èèyàn 347 ló kópa nínú ìdánwò coenzyme Q10 àti remacemide tí èsì rẹ̀ jáde ní 2001. Kò sí èyí tó dá àrùn náà dúró. Wọ́n tún gbé coenzyme Q10 yẹ̀ wò lára èèyàn 609, wọ́n sì pa á tì ní 2014. Tetrabenazine ló kọ́kọ́ yege: lẹ́yìn ìdánwò lára èèyàn 84, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 2008. Deutetrabenazine tẹ̀ lé e ní 2017, valbenazine ní 2023. Gbogbo wọn ń dín lílọ́ àti fífà ara kù ni, wọn kò wo àrùn náà sàn.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Áfíríkà pẹ̀lú. Ní 2001, wọ́n rí jíìnì àrùn mìíràn tó jọ ọ́ gan-an, tí wọ́n ń pè ní HDL2, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ẹni tí ìran rẹ̀ wá láti Áfíríkà nìkan ni wọ́n ń bá a lára. Ẹ má fi irú àìsàn bẹ́ẹ̀ pe iṣẹ́ ayé. Ẹ gbé ẹni náà lọ bá dókítà ọpọlọ.

Ní 2020, Nancy Wexler sọ fún aráyé pé àrùn tó pa ìyá òun ti dé ara òun. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ uniQure kéde pé ìtọ́jú tí wọ́n ń fi iṣẹ́ abẹ gbé sínú ọpọlọ ti dín ìyára àrùn náà kù lára àwọn aláìsàn díẹ̀. Bí ó bá fìdí múlẹ̀, ẹ̀tọ́ àwọn ará Barranquitas ni láti rí i gbà. Ẹ̀jẹ̀ wọn la ọ̀nà náà, òṣì ṣì wà nílé wọn, kí ilé-iṣẹ́ oògùn má sì jẹ́ kí wọ́n gbẹ̀yìn.