Ṣẹ́ owó

Ẹni tó bá ti ná ọjà ní Ìgòlò, lẹ́nu ibodè Ìdírókò, á ti gbọ́ ọ: "Èló lẹ fi ń ṣẹ́ ẹ lónìí?" Bí a ṣe ń ṣẹ́ igi la ń ṣẹ́ owó: owó ńlá á di wẹ́wẹ́, náírà á di sẹ́fà. Inú rẹ̀ náà ni "aṣẹ́wó" ti jáde, orúkọ tí ayé ti sọ di èébú. Ó dùn mí, torí iṣẹ́ gidi ni owó ṣíṣẹ́.

Ní Lagbé, ní Ìfọ̀nyìn wa yìí, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ti ojú ọjà nìkan. Bí oníbàárà kan ní Faransé bá fi 1,000 yúrò ránṣẹ́ sí àkáǹtì ìyá oní-gààrí, sẹ́fà ni ìyá máa bá níbẹ̀. Báǹkì ti bá wọn ṣẹ́ ẹ. Ti yúrò kò ní ìnájà nínú: wọ́n ti so sẹ́fà mọ́ ọn, 655 àti díẹ̀ ni yúrò kan, láti 1999. Owó yẹn á di 655,957 sẹ́fà, kí báǹkì tó yọ tirẹ̀. Dọ́là kò rí bẹ́ẹ̀. Òní yàtọ̀ sí àná, ibẹ̀ sì ni èrè ọjà ti ń jò lọ láìsí ariwo.

Ẹ̀yin oníṣòwò, kí owó tó dé ni kẹ́ ẹ ti bi báǹkì: èló lẹ máa fi ṣẹ́ ẹ, èló lẹ sì máa yọ?