Ọlẹ̀

Ọlẹ̀ ni ọmọ tí a kò tíì bí, tó ṣì ń dàgbà nínú ìyá rẹ̀, kò sì yẹ kí a kọ ọ́ bí ọ̀lẹ, tí í ṣe ẹni tí kò fẹ́ ṣiṣẹ́. Oyún ni àwọn òǹkọ̀wé ètò ìlera sábà fi ń rọ́pò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ipò tí obìnrin wà títí di ìgbà ìbímọ ni oyún ń tọ́ka sí jù. Àárín oyún, láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 14 dé 27, ni ọ̀rọ̀ ọlẹ̀ wúlò jù, torí ìgbà náà ni ọlẹ̀ ń sọ, èyí tí kò kan ọ̀rọ̀ sísọ rárá, bí kò ṣe pé ọmọ mira tí ìyá sì mọ̀ ọ́n lára, bí ìgbà tí afẹ́fẹ́ ń rìn nínú ìfun: “Ọlẹ̀ ti sọ nínú ìyàwó wa láti àná.” Ọ̀sẹ̀ 16 sí 20 ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, ó sì lè pẹ́ díẹ̀ sí i fún ẹni tó lóyún àkọ́bí. Bí agbẹ̀bí ní Adó-Èkìtì bá bi aboyún bóyá ọlẹ̀ ti sọ, ìbéèrè pàtàkì ni, nítorí ẹni tí ọlẹ̀ rẹ̀ kò tíì sọ ní ọ̀sẹ̀ 24 gbọ́dọ̀ tètè lọ ṣe àyẹ̀wò.