Ojú Tá A Mọ̀ àti Nọ́ńbà Ara Ìgò: Bí Òfin Ṣe Wọ Oúnjẹ Tá À Ń Tà

Ẹni tí kò ráyè gbọ́ ohùn, wọ́n á bá a kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe.

Ìbéèrè kan wọlé sínú ẹgbẹ́ yìí, ó sì di awuyewuye. Ọ̀kan nínú wa ní òun ń rọ òróró ẹ̀pà sínú ìgò, òun lẹ orúkọ òun mọ́ ọn lára, wọ́n wá ní kí òun lọ gba nọ́ńbà NAFDAC. Ó ní, "Ogójì ọdún ni ìyá mi fi ta epo nílé, kò ní nọ́ńbà kankan, kò sì pa ẹnikẹ́ni. Kí ló dé tí tèmi fi di ẹ̀ṣẹ̀?" Ìbéèrè gidi ni, kò yẹ ká fi bú u. Ìtàn ni mo fẹ́ fi dá a lóhùn. Tá ò bá mọ ibi tí òfin ti wá, a ó máa rò pé owó nìkan ni wọ́n ń wá lọ́wọ́ wa.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá yẹn fúnra rẹ̀. Lóòótọ́ ni pé kò ní nọ́ńbà, ṣùgbọ́n ó ní nǹkan mìíràn: ó ní ojú. Gbogbo ọjà ló mọ̀ ọ́n, wọ́n mọ ilé ọkọ rẹ̀, wọ́n mọ ibi tó ti ń ra epo. Tí epo rẹ̀ bá ní àbùkù lónìí, kó tó di ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀, ọ̀rọ̀ ti dé etí olórí àwọn elépo, ó sì ti dé ọ̀dọ̀ ìyálọ́jà. Ìtìjú yẹn ni òfin ìgbà náà. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa, torí pé ẹni tó ṣe é, ẹni tó tà á àti ẹni tó jẹ ẹ́ jọ ń gbé nítòsí ara wọn ni.

Ọ̀nà jíjìn ló ba ètò yẹn jẹ́. Nígbà tó fi máa di 1912, ojú irin Èkó ti dé Kano. Àwọn bàbá wa tẹ̀ lé e dé Zaria, wọ́n dé Kano, wọ́n sì ń kó ọjà ká. Ní 1976, ìjọba ológun fi Òfin 6 dá agbègbè olú-ìlú yìí sílẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1991, olú-ìlú kúrò l'Ékòó wá sí Abuja. Ilẹ̀ àwọn Gbagyi ni Kabusa, àwa wá bá wọn níbẹ̀ ni. Ẹ wo ṣọ́ọ̀bù yín lónìí. Ẹ̀wà wá láti òkè Ọya, èlùbọ́ wá láti ilé, ṣúgà àti òróró wá láti Èkó, àwọ̀ tí wọ́n ń pò mọ́ kéèkì sì wá láti òkè òkun. Ẹni tó ń rà á lọ́wọ́ yín kò mọ ẹni tó ṣe é. Ká sọ òótọ́, ẹ̀yin náà kò mọ̀ ọ́n. Ojú ti kúrò níbẹ̀. Kí ló wá rọ́pò rẹ̀?

Àwọn àgbà á rántí wolé-wolé, tó ń yẹ ìkòkò omi àti àwo oúnjẹ wò. Ní 1974, ìjọba ṣe òfin oúnjẹ àti oògùn fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Ẹ̀ka kan lábẹ́ ilé iṣẹ́ ìlera ló ń bójú tó o, kò sì lágbára tó bó ṣe yẹ. Òjò ibi wá rọ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1989 sí 1990, àwọn ọmọdé ń kú n'Íbàdàn àti ní Jos. Wọ́n mu oògùn ibà olómi, wọn ò sì lè tọ̀ mọ́. Wọ́n rí i pé kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní diethylene glycol ló wà nínú oògùn náà dípò èyí tó yẹ kó wà níbẹ̀. Kídìnrín àwọn ọmọ yẹn ló bà jẹ́. Àwọn tó kú lé ní ọgọ́rùn-ún. Lẹ́yìn èyí ni Òfin 15 ti ọdún 1993 fi gbé NAFDAC dìde. Torí náà, kì í ṣe nínú ọ́fíìsì ẹni tó ń wá owó orí ni nọ́ńbà yẹn ti jáde. Ibojì àwọn ọmọdé ló ti jáde.

Nǹkan kan náà tún ṣẹlẹ̀ ní 2008. Oògùn eyín tí wọ́n ń pè ní My Pikin ni lọ́tẹ̀ yìí, kẹ́míkà kan náà sì ni. Ọmọ 84 ni ìjọba sọ pé ó kú. Ilé iṣẹ́ tó ṣe oògùn yẹn ra èròjà rẹ̀ lọ́wọ́ oníṣòwò kẹ́míkà kan l'Ékòó tí kò ní ìwé àṣẹ. Ẹ gbọ́ ọ o: oníṣòwò ló wà láàárín, bíi tèmi bíi tiyín. Ó ń ta ohun tó wà nínú dúrọ́ọ̀mù láìfi orúkọ sílẹ̀ níbikíbi.

Òfin oúnjẹ kì í kàn yọ nǹkan kúrò, ó máa ń fi nǹkan sí i pẹ̀lú. Láyé àtijọ́, gẹ̀gẹ̀ pọ̀ lọ́rùn àwọn èèyàn láwọn ibì kan nílẹ̀ yìí, torí pé áyódíìnì kò tó nínú oúnjẹ wọn. Láti 1993 ni ìjọba ti ní dandan ni kí áyódíìnì wà nínú iyọ̀ tí wọ́n ń tà. Nígbà tó di 2002, wọ́n tún ní kí fítámìn A wà nínú fúláwà, ṣúgà àti òróró tí ilé iṣẹ́ ń dì, torí ojú àti ara àwọn ọmọdé. Àwòrán ojú tẹ́ ẹ máa ń rí lára ọ̀rá ṣúgà, ìdí tó fi wà níbẹ̀ nìyẹn. Ṣé ẹ wá rí ibi tí ọ̀rọ̀ òróró inú ìgò ti kan arákùnrin wa?

Ó wá kan búrẹ́dì. Ó ti tó ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn oníbúrẹ́dì lágbàáyé ti ń fi potassium bromate sí fúláwà. Díẹ̀ ló ń gbà, owó rẹ̀ kò pọ̀, ó sì máa ń jẹ́ kí búrẹ́dì wú kó tóbi. Wọ́n ní tí iná bá jó o dáadáa, ó máa yí padà di nǹkan tí kò léwu. Ṣùgbọ́n tí ẹni tó pò ó bá bù ú jù, tàbí tí ààrò kò gbóná tó, ó máa ṣẹ́ kù sínú búrẹ́dì. Ní 1982, àwọn onímọ̀ ní Japan fi han ayé pé ó ń fa jẹjẹrẹ kídìnrín fún èkúté. Ìlú Gẹ̀ẹ́sì fòfin dè é ní 1990, Canada tẹ̀ lé e ní 1994. Nàìjíríà náà fòfin dè é. Amẹ́ríkà tó tóbi tó yẹn kò dè é káàkiri orílẹ̀-èdè. Ọdún 2023 ni ìpínlẹ̀ California ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí òfin tó máa dè é níbẹ̀ láti 2027. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé gbogbo òfin tó dáa ni òyìnbó ti kọ́kọ́ ṣe.

Dókítà Dora Akunyili ló wá jẹ́ kí àwọn oníbúrẹ́dì mọ̀ pé òfin yìí kì í ṣe ti orí ìwé lásán. Ààrẹ Ọbásanjọ́ fi í ṣe olórí NAFDAC ní 2001. Insulin ayédèrú ló pa àbúrò rẹ̀ obìnrin ní 1988, torí náà ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe iṣẹ́ ìjọba lásán lójú rẹ̀. Wọ́n ti ilé iṣẹ́ búrẹ́dì pa, wọ́n dáná sun ayédèrú ọjà. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 2003, àwọn agbébọn yìnbọn lu ọkọ̀ rẹ̀ ní Anambra, ọta kan sì gba ara gèlè orí rẹ̀ kọjá. Ó bọ́ ńbẹ̀, kò sì dáwọ́ dúró.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti mínírà, torí ìtàn oníṣòwò gan-an nìyí. Ní 2007, oníṣòwò kan l'Ékòó ra Fanta, Sprite àti àwọn mínírà mìíràn lọ́wọ́ Nigerian Bottling Company, ó kó wọn lọ sí ìlú Gẹ̀ẹ́sì láti tà. Nígbà tí ọjà débẹ̀, àwọn aláṣẹ ìlú Stockport yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ní àwọ̀ tó wà nínú rẹ̀ àti benzoic acid ti pọ̀ jù. Benzoic acid ni wọ́n fi ń jẹ́ kí mínírà pẹ́ kó má bàjẹ́. Tó bá pàdé fítámìn C, pàápàá nínú ooru àti oòrùn, ó lè di benzene, èyí tó ń fa jẹjẹrẹ. Wọ́n gba ọjà náà, wọ́n sì bà á jẹ́. Owó oníṣòwò wọlẹ̀ lọ.

Ọkùnrin náà gbé ilé iṣẹ́ yẹn àti NAFDAC lọ sílé ẹjọ́. Ilé iṣẹ́ náà ní fún títà nílé ni àwọn ṣe é, kì í ṣe fún òkè òkun. Nínú oṣù Kejì ọdún 2017, Adájọ́ Adédayọ̀ Oyèbánjí ti ilé ẹjọ́ gíga Èkó dájọ́ pé ó yẹ kí mínírà dára fún gbogbo èèyàn láti mu, láìka àwọ̀ tàbí ẹ̀sìn sí. Ó pàṣẹ pé kí NAFDAC jẹ́ kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ sára ìgò pé kí wọ́n má mu ún pọ̀ mọ́ fítámìn C, ó sì bu owó mílíọ̀nù méjì náírà lé NAFDAC lórí. Ilé iṣẹ́ yẹn ní àwọn ò gbà, àwọn ń lọ sí kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ilé iṣẹ́ ìlera ìjọba àpapọ̀ náà ṣàlàyé pé 250 mílígíráàmù nínú kílò kan ni òdiwọ̀n àgbáyé tí wọ́n ń pè ní Codex fàyè gbà, àti pé 150 ni ti ìlú Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ní ojú ọjọ́ ibẹ̀ kò rí bíi tiwa, tiwa gbóná.

Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀. Èkíní, ohun tí òfin gbà níbì kan, òfin ibòmíràn lè máà gbà á. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń di ẹrù ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ yín ní London, ẹ má gbàgbé. Èkejì, nọ́ńbà nìkan kò tó. Mínírà yẹn ní nọ́ńbà, adájọ́ sì ṣì bá NAFDAC wí. Ẹni tó ń ṣọ́ wa, ó yẹ ká máa bi òun náà léèrè.

Ti ẹ̀wà kò jìnnà síyẹn. Ní 2015, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ní àwọn ò gba ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà mọ́. Dichlorvos ni wọ́n bá níbẹ̀, oògùn kòkòrò tó wà nínú Sniper. Òdiwọ̀n tiwọn ni 0.01 mílígíráàmù nínú kílò kan. Èyí tí wọ́n bá nínú ẹ̀wà wa bẹ̀rẹ̀ láti 0.03, ó sì dé 4.6. Nígbà tí ọdún kan pé, wọ́n tún sún un dé 2019. Ní 2019 náà ni NAFDAC dá títà ìgò Sniper kékeré dúró nínú ọjà. Kì í ṣe ilé iṣẹ́ ńlá kankan ló da oògùn yẹn sí ẹ̀wà. Ẹni tó ń tọ́jú àpò ẹ̀wà ni, nínú ilé ìkẹ́rù, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti rí i. Ẹ̀wà tí Yúróòpù kọ̀ yẹn, ta ló jẹ èyí tó kù nílé? Àwa náà ni, àti àwọn ọmọ wa.

Ó ku ti àgbo inú ìgò àti oògùn afáralókun tí àwọn kan nínú wa ń tà. Ẹ wo nọ́ńbà rẹ̀ dáadáa. Tí lẹ́tà L bá wà ní ìparí rẹ̀, NAFDAC kàn fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ni. Wọn ò ní ó ń wo àìsàn kankan, àkọlé ara ìgò náà sì máa ń sọ pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n sọ nípa rẹ̀ wò. Ẹ má bá wọn pariwo pé ó ń wo ìtọ̀ ṣúgà. Ẹni tó torí ọ̀rọ̀ ẹnu yín fi oògùn dókítà sílẹ̀, ọrùn yín ló wà.

Arákùnrin wa, ìdáhùn mi nìyí. Ìyá rẹ ní ojú, ìwọ ní ìgò. Ìgò yẹn á dé ọwọ́ ẹni tí kò ní mọ̀ ẹ́ láéláé. Nọ́ńbà yẹn ni ojú rẹ níbi tí o kò sí. Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, òun ni wọ́n á fi mọ̀ pé ìwọ lo ṣe é. Tí wọ́n bá sì fi tìẹ ṣe ayédèrú, òun ni wọ́n á fi mọ̀ pé kì í ṣe ìwọ. Ọ́fíìsì NAFDAC wà ní Wuse, kò jìnnà sí wa. Lọ béèrè iye tí oníṣòwò kékeré máa san, kí ẹlòmíràn má gba owó ẹ̀yìn lọ́wọ́ rẹ.

Ẹ̀yin yòókù, ẹ ní ìwé kékeré kan nínú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ máa kọ ẹni tẹ́ ẹ ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀ àti ọjọ́ tẹ́ ẹ rà á síbẹ̀. Ẹ má to mínírà sínú oòrùn. Ẹ bi oníbúrẹ́dì yín léèrè ohun tó ń fi sí i. Ẹni tó bá ń bínú torí pé wọ́n bi í, ẹ wá ẹlòmíràn. Tí ìbéèrè bá wà, ẹ fi ohùn yín sílẹ̀. Ọjà á tà o.