Maccomo àti Kìnnìún

Nínú igbó Abigi àti àgbègbè rẹ̀, ẹkùn ni ọdẹ ń sọ ìtàn rẹ̀. Inú ọ̀dàn ni kìnnìún ń gbé. Ọmọ Abigi lè dàgbà, kí ó darúgbó, kí ó má rí i rí. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láàrin ọdún 1860 sí 1870, àwọn tí ń fi ẹranko ṣòwò kiri ń polówó aláwọ̀ dúdú bí ẹni tí a bí mọ́ kìnnìún.

Martini Maccomo ni ó lókìkí jù nínú wọn. Ó ń bá William Manders ṣiṣẹ́, ẹni tí ń kó ẹranko láti ìlú dé ìlú. Maccomo a wọ ilé onírin tọ kìnnìún lọ, àwọn òǹwòran a sì mí kanlẹ̀. Ìtàn sọ pé kìnnìún kan, Wallace, ṣe é léṣe ní Sunderland ní 1869. Àìsàn ni ó pa á níbẹ̀ ní January 1871. Ní January 1872, àwọn kìnnìún Manders pa Thomas Macarte, òyìnbó tí ó gba ipò rẹ̀, ní Bolton.

Ẹ ò rí i pé kìnnìún kì í bèèrè àwọ̀? Ìmọ̀ àti ìgboyà ni Maccomo fi ṣiṣẹ́. Àwọ̀ rẹ̀ ni wọ́n polówó. Lónìí, awọ Wallace wà ní mùsíọ́ọ̀mù Sunderland, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Ti Maccomo ńkọ́? Ìlú tí wọ́n ti bí i gan-an ṣì ń fa àríyànjiyàn.