Bí Orin Ṣe Wọ Inú Àpò Wa

Ọ̀rọ̀ wa tòní dá lórí ẹ̀rọ kékeré kan tí ẹ ti rí lọ́wọ́ àwọn ọmọ yín. Kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ojú rẹ̀ ń dán bíi dígí. Ìka ni wọ́n fi ń kàn án lójú, orin á bẹ̀rẹ̀, àwòrán á sì máa rìn nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ yìí kò ṣàdédé já bọ́ láti ọ̀run. Ó ní baba, ó sì ní baba ńlá. Ẹ jẹ́ kí á ka ìtàn ìdílé rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ìtàn náà ni yóò mọ èyí tó yẹ kí òun rà, àti bí ohùn àwọn àgbà rẹ̀ kò ṣe ní í sọnù sínú rẹ̀.

1. Nígbà tí orin kò tíì ní ilé

Ẹ wo Fidjrossè, àdúgbò etí òkun ní Kútọnu, nítòsí pápá ọkọ̀ òfurufú. Àwọn apẹja máa ń fa àwọ̀n ńlá wá sórí iyanrìn níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò di okùn mú, wọn á sì máa fi orin fà á, kí ọwọ́ gbogbo wọn lè ṣe ọ̀kan. Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ orin náà, àfi kí ẹ dé ibẹ̀. Bí àwọ̀n bá ti gúnlẹ̀, orin tán.

Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo orin ṣe rí láyé àtijọ́. Oríkì, ẹkún ìyàwó, ìjálá ọdẹ: ẹnu ló ń gbé wọn, etí ló ń gbà wọ́n. Bí ẹni tó mọ̀ wọ́n bá kú láìkọ́ ọmọ, wọ́n bá a lọ nìyẹn.

2. Àwo orin

Ní ọdún 1877, Thomas Edison, ará Amẹ́ríkà, ṣe ẹ̀rọ tó gba ohùn ènìyàn sílẹ̀ tó sì tún sọ ọ́ jáde. Ní 1887, Emile Berliner gbé irú tirẹ̀ jáde, èyí tó ń lo àwo pẹlẹbẹ. Òun ni giramafóònù tí àwọn bàbá wa mọ̀. Wọ́n fín ilà wẹ́wẹ́ sí ojú àwo náà. Abẹ́rẹ́ ń rìn nínú ilà yìí, ó ń gbọ̀n, gbígbọ̀n rẹ̀ ló sì ń di ohùn. Ojú kan àwo àtijọ́ kì í gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 3 sí 4 lọ.

Kò pẹ́ tí èdè wa fi wọ inú àwo. Ní 1922, Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti, bàbá àgbà Fẹlá olórin, kọ àwọn orin ìsìn ní èdè Yorùbá sínú àwo ní London, fún ilé-iṣẹ́ Zonophone. Àlùfáà náà kú ní 1930, ṣùgbọ́n a ṣì ń gbọ́ ohùn rẹ̀ títí di òní.

Ní ilẹ̀ tiwa pẹ̀lú, iṣẹ́ àwo gbilẹ̀. Dahomey gba òmìnira ní 1960, orúkọ rẹ̀ sì di Benin ní 1975. Láàárín àkókò yìí ni ẹgbẹ́ olórin Orchestre Poly-Rythmo de Cotonou, tí Mélomé Clément jẹ́ olórí rẹ̀, gba òkìkí. Wọ́n kọrin ní èdè Fọ̀n, Mina, Yorùbá àti Faransé. Adissa Seidou, ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ àwo Albarika Store, máa ń gbé wọn lọ sí Èkó, kí wọ́n lè gba orin sílẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ EMI. Àwọn oníṣòwò tí owó wọn kò tó bẹ́ẹ̀ máa ń lo ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ Nagra, èyí tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Switzerland. Wọ́n á gbé e sí inú ọgbà ilé ẹnìkan, wọ́n á sì gba orin sílẹ̀ níbẹ̀.

Àwo dára, ṣùgbọ́n kò ṣeé gbé rìn. Oòrùn ń ká a kò, iyanrìn ń ha á lójú. Ilé àti ilé ọtí ni orin rẹ̀ ń gbé.

3. Kásẹ́ẹ̀tì

Ní 1963, ilé-iṣẹ́ Philips ti ilẹ̀ Holland gbé kásẹ́ẹ̀tì jáde. Lou Ottens ni olórí àwọn tó ṣe é. Ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sì fi ìyẹ̀fun irin pa á lára. Òòfà inú ẹ̀rọ ló ń kọ ohùn sára ìyẹ̀fun yìí. Èyí tí wọ́n kọ 60 sí lára ń gba ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójú kọ̀ọ̀kan.

Kásẹ́ẹ̀tì ṣe ohun tí àwo kò lè ṣe fún wa: ẹnikẹ́ni lè fi gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ènìyàn gba ohùn onílù sílẹ̀ níbi ìgbéyàwó. Wọ́n gba ìwàásù, wọ́n gba oríkì ìdílé. Àwọn tí kò mọ̀wé kọ́ lẹ́tà pẹ̀lú rẹ̀: wọ́n sọ̀rọ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì fi rán ẹni tó ń bọ̀ lọ́nà sí ọmọ wọn tó wà lókè òkun. Bí ọ̀já náà bá tú, bíírò ni wọ́n fi ń yí i padà.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 1979, ilé-iṣẹ́ Sony bẹ̀rẹ̀ sí í ta Walkman ní Japan. Ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì kékeré ni, tí ènìyàn lè so mọ́ ìdí kó sì máa rìn lọ. Èyí àkọ́kọ́ kò lè gba ohùn sílẹ̀ rárá. Gbígbọ́ nìkan ni wọ́n ṣe é fún. Ṣùgbọ́n ihò yíapíìsì méjì ló wà lára rẹ̀, kí ẹni méjì lè jọ gbọ́ orin kan náà. Láti ọjọ́ náà ni orin ti kúrò ní ààrin ilé, tó bọ́ sí etí ẹnìkan.

4. Orin di nọ́ńbà

Ní 1982 ni àwo CD dé ọjà. Àwo yìí kò ní abẹ́rẹ́. Nọ́ńbà ni wọ́n sọ ohùn dà, ìmọ́lẹ̀ ló sì ń ka nọ́ńbà náà. Lẹ́yìn èyí, àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Jámánì wá ọ̀nà láti dín nọ́ńbà náà kù. Wọ́n yọ àwọn ohun tí etí ènìyàn kì í fura sí kúrò nínú ohùn. Orin wá gba nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá àyè tó ń gbà tẹ́lẹ̀. Ní 1995 ni wọ́n fún un ní orúkọ tí a mọ̀ ọ́n sí: MP3.

Ní 1998, ẹ̀rọ MP3 àkọ́kọ́ tó wọ àpò, MPMan, jáde láti Korea. Ní 2001, ilé-iṣẹ́ Apple ti Amẹ́ríkà gbé iPod jáde, wọ́n sì sọ pé ó ń gba orin 1000. Ní oṣù Kẹsàn-án 2007, wọ́n gbé iPod touch jáde, tí a ń fi ìka kàn lójú, tó ń ṣe orin àti fídíò.

Báwo ni ojú rẹ̀ ṣe ń mọ ìka? Wọ́n tẹ́ ohun tín-ín-rín kan tó ń gbé iná díẹ̀ sábẹ́ gíláàsì náà. Ara ènìyàn pẹ̀lú ń gbé iná. Bí ìka bá kàn án, iná ibẹ̀ á yí padà, ẹ̀rọ á sì mọ ibi tí ìka wà. Ìdí nìyí tí igi kò fi lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀, tí ìka tí omi wà lára rẹ̀ sì ń da ẹ̀rọ láàmú.

Ní oṣù Karùn-ún 2022, Apple kéde pé àwọn kò ní í ṣe iPod touch mọ́. Tẹlifóònù olójú gíláàsì ti gba iṣẹ́ rẹ̀ ṣe.

5. Ẹ̀kọ́ inú ìtàn yìí

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹ̀rọ tuntun ní orin púpọ̀ ju gbogbo baba rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò ní ẹ̀mí gígùn bíi tiwọn. A ṣì lè gbọ́ àwo 1922. Bátìrì ẹ̀rọ tuntun a máa rẹ̀ láàárín ọdún díẹ̀. Bí gíláàsì bá fọ́ tàbí tí omi wọ inú rẹ̀, orin 1000 lè lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ohun mìíràn tún wà tó ju èyí lọ. Wọ́n tẹ orúkọ olórin, orúkọ orin àti orúkọ ilé-iṣẹ́ sí ààrin àwo kọ̀ọ̀kan. Ní 2008 àti 2009, ilé-iṣẹ́ Analog Africa ti ilẹ̀ Jámánì tún àwọn orin àtijọ́ Poly-Rythmo tẹ̀ jáde fún gbogbo ayé. Àwọn àwo tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, àti ohun tí wọ́n kọ sára wọn, ṣe ìrànlọ́wọ́ púpọ̀ níbẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Kidal, ní ilẹ̀ Mali, ní nǹkan bí ọdún 2010. Christopher Kirkley, ará Amẹ́ríkà, kó orin jọ láti inú mẹ́mọ́rì káàdì tẹlifóònù àwọn ènìyàn níbẹ̀. Orin náà dùn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní orúkọ. Ó ní láti máa wá àwọn olórin náà kiri kó tó lè mọ̀ wọ́n. Ohùn wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kọ orúkọ oníǹkan sí i.

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀ọ́kọ mọ̀ọ́kà, iṣẹ́ yín rèé. Ẹ̀rọ lè gba ohùn ìyá yín sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè mọ̀ pé ìyá yín ni. Bí ẹ kò bá kọ ọ́, ọmọ ọmọ yín yóò gbọ́ ohùn obìnrin kan lọ́jọ́ iwájú, kò sì ní í mọ ẹni tó ń kì í.

6. Bí ẹ bá fẹ́ rà

Èyí tí wọ́n ti lò rí, tí a ń pè ní tòkunbọ̀, ló pọ̀ jù nínú irú ẹ̀rọ yìí. Ẹ má ṣe kánjú sanwó.

Ìkíní: ẹ yí i padà, kí ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ wá lẹ́tà GB. Òun ló ń sọ bí inú rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó. Bí ẹ kò bá rí i lẹ́yìn, kí ẹni tó ń tà á fi hàn yín nínú ẹ̀rọ. 1 GB gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 1000 orin MP3. Nítorí náà, 8 GB lè gba nǹkan bí orin 2000 tó jẹ́ ìṣẹ́jú 4 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n àyè tí ẹ̀rọ ń lò fún ara rẹ̀ yóò dín iye náà kù díẹ̀. Fídíò ń jẹ àyè jù: wákàtí kan rẹ̀ lè gba àyè wákàtí 10 orin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìkejì: ẹ béèrè bóyá ó ní ojú ihò mẹ́mọ́rì káàdì. iPod touch kò ní in, kọ̀ǹpútà ni wọ́n sì sábà fi ń kó orin sínú rẹ̀. Bí kò bá sí kọ̀ǹpútà nítòsí yín, èyí tó ní káàdì ló sàn.

Ìkẹta: kí ẹni tó ń tà á pa gbogbo nǹkan inú rẹ̀ rẹ́ lójú yín, kó sì tún un tàn. Bí ẹ̀rọ bá ń béèrè ọ̀rọ̀ àṣírí ẹlòmíràn, ẹ dá a padà. Ó lè jẹ́ pé wọ́n jí i gbé, kò sì ní í ṣí fún yín.

Ìkẹrin: ẹ fi ìka wọ́ nǹkan kan láti òkè dé ìsàlẹ̀ ojú rẹ̀, àti láti ọ̀tún dé òsì, kí ẹ lè mọ̀ bóyá ibì kan ti kú. Ẹ ṣe fídíò díẹ̀. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá wú, tàbí tí gíláàsì rẹ̀ gbé sókè, bátìrì ti bàjẹ́. Ó sì lè gbiná.

Ìkarùn-ún: bí ẹ bá fẹ́ fi gba ohùn sílẹ̀, ẹ sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀, kí ẹ sì gbọ́ ọ padà. iPod touch ti 2007 kò ní ohun ìgbohùn nínú. Àwọn tó jáde láti 2010 ní in.

7. Bí ẹ ó ṣe lò ó

Ní etí òkun bíi Fidjrossè, afẹ́fẹ́ iyọ̀ ń jẹ irin, iyanrìn ń wọ ojú ihò. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ wé ẹ̀rọ náà, kí ẹ má sì fi sínú oòrùn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ohùn yíapíìsì ga ju ìdajì lọ, nítorí etí tó bá bàjẹ́ báyìí kì í padà bọ̀ sípò. Ẹ yọ ọ́ kúrò létí bí ẹ bá ń sọdá títì tàbí tí ẹ wà lórí zémidjan.

Bí ẹ bá gba ohùn àgbà kan sílẹ̀, ẹ ṣe nǹkan méjì lọ́jọ́ náà gan-an. Àkọ́kọ́, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí i nínú ẹ̀rọ: ta ló sọ̀rọ̀, kí ló sọ, ní ìlú wo, lọ́jọ́ wo. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú. Èkejì, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sínú káàdì mìíràn, kí ẹ sì fi pamọ́ sí ilé mìíràn. Bí ẹ bá ní kásẹ́ẹ̀tì bàbá yín nínú àpótí, ẹ tètè wá ẹni tí yóò gbé ohùn rẹ̀ sínú ẹ̀rọ tuntun, nítorí ọ̀já ń jẹrà, àwọn ẹ̀rọ tó ń lù ú sì ń dín kù lójoojúmọ́.

Àwọn ìbéèrè fún ẹgbẹ́ ìkàwé

1. Kí ni kásẹ́ẹ̀tì lè ṣe fún ará abúlé tí àwo kò lè ṣe?
2. Kí ló dé tí ó fi ṣòro láti mọ àwọn olórin inú káàdì Kidal?
3. Bí ẹ̀rọ kan bá ní 16 GB, orin ìṣẹ́jú 4 mélòó ni ó lè gbà?
4. Ta ni àgbà ilé yín tó mọ oríkì jù? Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ ó lọ gba ohùn rẹ̀.