Àléébù Inú Ẹ̀rọ àti Ẹ̀tọ́ Òǹrajà ní Abobo Gare

Ojú irin ni ó fún Abobo Gare ní orúkọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni àwọn Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin láti Abidjan lọ sí ìhà àríwá. Ó dé Bobo-Dioulasso ní ọdún 1934, ó sì dé Ouagadougou ní ọdún 1954. Ibùdó ọkọ̀ ni ìtumọ̀ 'gare' ní èdè Faransé, ọjà kì í sì í jìnnà sí ibùdó ọkọ̀. Àwọn Yorùbá, pàápàá àwọn ọmọ Èjìgbò, wà lára àwọn tí òwò kó wá sí Abidjan, níbi tí a ti ń pè wọ́n ní Anango. Lónìí, fóònù àti ẹ̀rọ àlòkù wà lára ohun tí wọ́n ń ná ní irú ọjà bẹ́ẹ̀, ìbéèrè kan sì tẹ̀lé wọn: bí ó bá ti hàn pé sọ́fúwíà, ìyẹn ètò tí ó ń darí ẹ̀rọ láti inú, ní àléébù, ṣé ó yẹ kí ẹni tí ó ra ẹ̀rọ náà dá a padà kí ó gba òmíràn?

Ọ̀rọ̀ náà, àléébù, ní ìtàn tirẹ̀. Láti inú 'al-ayb' ti èdè Lárúbáwá ni ó ti wá, ó sì bá ẹ̀sìn Ìsìláàmù àti òwò rìn wọ inú èdè Yorùbá. Nínú òfin Màlíkì, tí àwọn Mùsùlùmí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ń tẹ̀lé, ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni orúkọ ohun tí ó ń fún òǹrajà ní ẹ̀tọ́ láti dá ọjà padà. Òǹtajà gbọ́dọ̀ sọ àbùkù tí ó mọ̀. Bí ó bá fi í pamọ́, òǹrajà lè dá ọjà padà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti mọ̀ nípa àbùkù náà, tí ó sì gba ọjà bẹ́ẹ̀, kò ní ẹjọ́ rò mọ́.

Òfin Faransé gba ọ̀nà mìíràn dé ibi kan náà. Ìwé òfin ọdún 1804, tí Faransé kó wá sí Côte d'Ivoire nígbà ìjọba amúnisìn, tí kò sì parẹ́ nígbà òmìnira ní ọdún 1960, sọ láti abala 1641 sí 1645 pé òǹtajà ni yóò ru ẹrù àbùkù tí ó fara pamọ́. Òǹrajà lè dá ọjà padà kí ó gba owó rẹ̀, ó sì lè mú ọjà náà lọ́wọ́ kí ó gba díẹ̀ padà nínú owó. Òǹtajà tí ó bá mọ̀ tẹ́lẹ̀ yóò san gbogbo òfò tí ó bá ti ibẹ̀ yọ.

Ẹṣin, ilé àti aṣọ ni irú ọjà tí àwọn òfin wọ̀nyí bá láyé. Àbùkù ẹṣin kan kò sí lára ẹṣin kejì. Ti sọ́fúwíà kò rí bẹ́ẹ̀: àbùkù tí ó wà nínú ẹ̀rọ kan wà nínú gbogbo irú rẹ̀. Ẹni tí ó dá fóònù padà, tí a sì fún un ní irú rẹ̀ gan-an, àléébù àná ni ó tún gbé lọ sílé. Àtúnṣe tí ilé iṣẹ́ ń fi ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ wá.

Síbẹ̀, àléébù kan wà tí irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ kò lè pa rẹ́. Ní ọdún 1994, Thomas Nicely, olùkọ́ ìmọ̀ ìṣirò ní Lynchburg College ní Amẹ́ríkà, rí i pé Pentium, ọpọlọ kọ̀ǹpútà tí Intel ṣe, ń ṣi ìṣirò pípín kan ṣe. Intel ti mọ̀ ṣáájú, kò sì sọ. Inú ọpọlọ náà gan-an ni àṣìṣe náà wà. Ní àkọ́kọ́, Intel ní ẹni tí ó bá lè fi hàn pé ó kan iṣẹ́ òun nìkan ni wọn yóò pààrọ̀ tirẹ̀. Ìbínú àwọn oníbàárà ni ó mú kí ó gbà, ní ogúnjọ́ oṣù Kejìlá, láti pààrọ̀ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá béèrè. Mílíọ̀nù 475 dọ́là ni ó yà sọ́tọ̀ fún un. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí inú bí kò lè bá àṣìṣe ìṣirò náà pàdé láé. Ohun tí ó dùn wọ́n ni pé ilé iṣẹ́ mọ̀, ó sì dákẹ́.

Irú ẹjọ́ yìí tún padà wá. Ní oṣù Kejì ọdún 2020, àwọn aláṣẹ Faransé bu ìtanràn mílíọ̀nù 25 yúrò lé Apple, nítorí kò sọ fún àwọn oníbàárà pé àtúnṣe sọ́fúwíà lè mú kí iPhone tí bátìrì rẹ̀ ti gbó máa lọ́ra. Láti oṣù Kìíní ọdún 2022, òfin Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti sọ ọ́ di dandan kí òǹtajà rí i pé àtúnṣe sọ́fúwíà dé ọwọ́ òǹrajà.

Côte d'Ivoire náà ṣe òfin lórí ọ̀rọ̀ àwọn òǹrajà ní oṣù Kẹfà ọdún 2016. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ àlòkù ti gba ọwọ́ púpọ̀ kọjá kí ó tó dé Abobo Gare. 'France au revoir', Faransé ó dàbọ̀, ni wọ́n ń pe àlòkù níbẹ̀, bí Yorùbá ti ń pè é ní tòkunbọ̀. Orúkọ méjèèjì sọ pé ọjà náà ti rìnrìn àjò. Kò sí èyí tí ó sọ ìdí tí ẹni àkọ́kọ́ fi jọ̀wọ́ rẹ̀. Òǹtajà orí tábìlì kò lè tún sọ́fúwíà ṣe. Bí a bá ní kí ó pààrọ̀ gbogbo ẹ̀rọ tí ó ní àléébù, òun ni yóò san gbèsè ohun tí ẹlòmíràn bàjẹ́. Ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ ni kí ó sọ èyí tí ó mọ̀.

Nítorí náà, àléébù tí àtúnṣe rẹ̀ wà, kí a tún un ṣe. Èyí tí a mọ̀ tí a fi pamọ́, tí kò sì ní àtúnṣe, kí a pààrọ̀ ẹ̀rọ náà fún irú mìíràn tàbí kí a dá owó padà, kí ẹrù rẹ̀ sì padà sọ́rùn ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é. Èyí tí a bá sì dá padà, kí a má ṣe tà á fún ẹlòmíràn láìsọ. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní òtítọ́ dé ọjà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni à ń ra èké. Tìtorí kí ẹni tí ó sọ òtítọ́ má baà pàdánù lọ́jà ni a ṣe ń ṣe òfin àléébù.